Kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ̀kọ́ dókítà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti oníléeṣẹ́ kéékèèké ni fóònù wọn kì í sinmi mọ́ nítorí ìpolówó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí wọ́n ń polówó kì í ṣe ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta tàbí ti ọdún kan, oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìṣòwò ni. Wọ́n á ní èèyàn ò ní wọ bàálù, kò ní ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa, orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ló ti máa kàwé, àti pé kó tó tó ọdún mẹ́ta, ó ti di Dókítà Lágbájá. Nísàlẹ̀ ìpolówó náà ni ọ̀rọ̀ kan máa ń wà tí wọ́n á fi lẹ́tà ńlá kọ: "accredited". Ìyẹn ni pé àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń tú àpò ọ̀pọ̀ èèyàn. Owó tó wà nídìí ẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó lè tó èyí tí oníṣòwò fi máa ra ọkọ̀ akẹ́rù tàbí tó fi máa kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè sọ pé wọ́n fọwọ́ sí òun, kó sì jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé. Òmíràn lè sọ bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ òótọ́ ààbọ̀. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n dá àjọ tó fọwọ́ sí wọn sílẹ̀. Nítorí náà, kò tó kí oníṣòwò béèrè pé "Ṣé wọ́n fọwọ́ sí yín?" Ìbéèrè méjì ló yẹ kó bi wọ́n: ta ló fọwọ́ sí yín, ta ló sì mọ ẹni tó fọwọ́ sí yín?

Kí ni wọ́n ń pè ní DBA?

Doctor of Business Administration lorúkọ oyè náà, DBA ni wọ́n gé e kúrú sí. Oyè dókítà gidi ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà yàtọ̀ díẹ̀ sí ti PhD. Ẹni tó ń ṣe PhD nínú ìmọ̀ ìṣòwò ń wá ìmọ̀ tuntun tí àwọn ọ̀mọ̀wé á máa lò, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń gba ibẹ̀ di olùkọ́ yunifásítì. Ẹni tó ń ṣe DBA sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìṣòro kan tó ń bá iléeṣẹ́ fínra ló máa mú, bíi ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà fi ń tètè fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí bí àwọn tó ń ta ọjà àwìn ṣe lè máa rí owó wọn gbà. Á ṣèwádìí lórí ẹ̀, á sì kọ ìwé lé e lórí.

Àwọn méjèèjì ló ní ìwé ìwádìí àṣekágbá, àwọn méjèèjì ló sì ń gba ọdún mélòó kan. Ẹni tó bá ní òun máa fún èèyàn ní DBA láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí tó ní ìrírí èèyàn lẹ́nu òwò ti tó, kó ṣáà ti sanwó, kò sí ìdí láti bá a sọ̀rọ̀ gùn.

Ìforúkọsílẹ̀ kọ́ ni ìfọwọ́sí

Gbogbo ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá, tí wọ́n ń pè ní piọ́ wọ́tà, ló mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ẹni náà lè lọ sọ́dọ̀ CAC, kó forúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, kó sì gbàwé. Ìwé yẹn fi hàn pé iléeṣẹ́ náà wà lábẹ́ òfin. Kò sọ pé omi tó ń tà ṣeé mu. NAFDAC ló máa sọ ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà tó lójú inú fi ń wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá omi, tí kì í béèrè ìwé CAC.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rí. L'Amẹ́ríkà, èèyàn lè forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, àwọn ìpínlẹ̀ sì máa ń fún ilé-ẹ̀kọ́ níwèé àṣẹ láti ṣílẹ̀kùn. Ìwé àṣẹ yẹn dà bíi ti CAC. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí "registered", "incorporated" tàbí "licensed" nínú ìpolówó, ẹ mọ̀ pé wọn ò tíì sọ ohunkóhun fún yín nípa bí ẹ̀kọ́ náà ṣe dára tó. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ìyàtọ̀ yìí, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ sójú ìkànnì wọn pẹ̀lú òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà.

Ìpele mẹ́ta tó wà l'Amẹ́ríkà

Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ DBA orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wá, ó sì yẹ kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Nílẹ̀ wa, ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń yẹ yunifásítì wò nípasẹ̀ àjọ NUC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962. L'Amẹ́ríkà, ìjọba kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àjọ aládàáni ló ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, ìjọba á wá máa yẹ àwọn àjọ náà wò. Ìpele mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ìpele kìíní ni ìfọwọ́sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ látòkè délẹ̀. Lára àwọn àjọ tó ń ṣe èyí ni Higher Learning Commission, tí wọ́n ń pè ní HLC, Middle States, SACSCOC tó bẹ̀rẹ̀ lápá gúúsù, àti WSCUC tó bẹ̀rẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn. Tẹ́lẹ̀, agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní àjọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù Keje ọdún 2020 ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò ti pín àwọn àjọ náà sí ti agbègbè àti ti gbogbo orílẹ̀-èdè mọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì àti agbanisíṣẹ́ ló ṣì ń wo àwọn àjọ agbègbè àtijọ́ yìí ju àwọn yòókù lọ. Àjọ kan tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn nìkan ni tiẹ̀, DEAC lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1926 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ́ni lókèèrè. Ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n, ó sì lè fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ títí dé orí oyè dókítà tó jẹ́ ti ẹnu iṣẹ́ bíi DBA.

Ìpele kejì ni ti ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣòwò nìkan. Àjọ mẹ́ta ni orúkọ wọn sábà máa ń jáde níbí. AACSB ló dàgbà jù, ọdún 1916 ni wọ́n dá a sílẹ̀. ACBSP tẹ̀ lé e lọ́dún 1988, IACBE sì dé lọ́dún 1997. AACSB ló ṣòroó rí gbà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ọgọ́rùn-ún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò tó wà lágbàáyé, èyí tó ní in kò tó mẹ́wàá. Lagos Business School tó wà l'Ékòó wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà tí AACSB fọwọ́ sí, tí wọ́n sì ń ṣe DBA, bíi Temple University àti University of South Florida, máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yọjú sí kíláàsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí DBA wọn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀ ló sábà máa ń gba ti ACBSP tàbí IACBE. Èyí kò sọ wọ́n di ayédèrú. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sì ní ọ̀kan ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ní òmíràn.

Kókó kan wà níbí tó yẹ kẹ́ ẹ dì mú: ìpele kejì kò lè rọ́pò ìpele kìíní. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Yúróòpù lè gba ìfọwọ́sí irú àjọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìṣòwò ẹ̀, síbẹ̀ kí ìjọba ìlú tó wà má kà á mọ́ yunifásítì. Lọ́jọ́ tí oníwèé-ẹ̀rí náà bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti fúnni ní oyè dókítà nílùú ẹ̀.

Ìpele kẹta ni àwọn tó ń ṣọ́ àwọn aṣọ́nà. Méjì ni wọ́n: iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, àti àjọ CHEA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1996. Àwọn méjèèjì ló ń gbé àkọsílẹ̀ àwọn àjọ tí wọ́n mọ̀ síta. Bí orúkọ àjọ kan ò bá sí lọ́dọ̀ ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì, tó sì ní òun fọwọ́ sí yunifásítì Amẹ́ríkà kan, ìfọwọ́sí náà ò ju bébà lọ.

Nígbà tí olè bá dá àgọ́ ọlọ́pàá tirẹ̀ sílẹ̀

Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé àwọn èèyàn ti ń béèrè ìfọwọ́sí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ta ìfọwọ́sí pọ̀ mọ́ oyè. Ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ délé ẹjọ́ ni ti Saint Regis University. Tọkọtaya kan ló ń darí ẹ̀ láti ìlú Spokane ní ìpínlẹ̀ Washington, l'Amẹ́ríkà. Wọn ò ní kíláàsì, wọn ò ní olùkọ́. Wọ́n ní ìjọba orílẹ̀-èdè Làìbéríà, níbí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló fọwọ́ sí àwọn. Nígbà tí àwọn agbófinró Amẹ́ríkà tú u wò, wọ́n rí i pé owó ẹ̀yìn ni wọ́n ń san fún àwọn aṣojú ìjọba Làìbéríà kí wọ́n lè máa jẹ́rìí sí i pé ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Ọdún 2005 ni wọ́n ya bo ibẹ̀. Àwọn tó ti ra ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn ju 9,000 lọ, káàkiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 2008 ni adájọ́ ní kí tọkọtaya náà lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni ti iléeṣẹ́ Axact tó wà nílùú Karachi, lórílẹ̀-èdè Pakistan. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ẹ̀ pé ó ní ìkànnì tó ju 300 lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Púpọ̀ nínú wọn ń pe ara wọn ní yunifásítì, àwọn kan sì ń pe ara wọn ní àjọ tó ń fọwọ́ sí yunifásítì. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, tó sì lọ wo àjọ tó fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọwọ́ àwọn kan náà ló tún bọ́ sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi nílé ẹjọ́ ní New York lọ́dún 2017, wọ́n sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 21.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni pé ojú ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ lèèyàn ti ń yẹ ìfọwọ́sí wò. Ẹ má tẹ ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín lọ sórí ìkànnì CHEA, chea.org, tàbí ti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní DAPIP, kẹ́ ẹ sì wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra o. Columbia University tó wà ní New York jẹ́ ọ̀kan lára àwọn yunifásítì tó gbajúmọ̀ jù láyé. Columbia State University tó ń ta oyè nípasẹ̀ lẹ́tà títí wọ́n fi tì í pa lọ́dún 1998 kò bá a tan rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà láàárín orúkọ méjèèjì.

Àjọ náà lè pàdánù àṣẹ tiẹ̀

Ìfọwọ́sí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan títí láé. Àjọ kan wà l'Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ ACICS, ó pẹ́ gan-an tó fi ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò aládàáni. Lọ́dún 2016, ìjọba gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí pé kò tọ́jú iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n dá a padà fún un lọ́dún 2018. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2020, ìwé ìròyìn USA Today gbé e jáde pé ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Reagan National University, ní Sioux Falls, tí ACICS fọwọ́ sí, kò jọ pé ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ kankan. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni ìjọba gba àṣẹ náà pátápátá, tí wọ́n sì fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ abẹ́ ẹ̀ ní oṣù 18 láti wá àjọ mìíràn.

Ẹ fojú inú wo oníṣòwò tó ti ka ìwé dé ìdajì nígbà tí irú èyí ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn béèrè ọdún tí ìfọwọ́sí ilé-ẹ̀kọ́ máa parí, kó sì wò ó bóyá wọ́n ti kìlọ̀ fún un tàbí wọ́n ti fi sábẹ́ ìṣọ́. Àwọn àjọ gidi máa ń kọ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sójú ìkànnì wọn kí gbogbo ayé lè rí i.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tiẹ̀

Bó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà ti wá, ìbéèrè á yàtọ̀. Lọ́hùn-ún, òfin ló ń fún yunifásítì lágbára láti fúnni ní oyè. Àtọdún 1988 ni òfin ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kò ní agbára yẹn máa fúnni ní oyè tó jọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba wọn ní àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tó ní agbára náà, ó sì wà fún gbogbo èèyàn láti kà. Heriot-Watt University ní Edinburgh, tó ti pẹ́ nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò ọ̀nà jíjìn, wà lára wọn.

Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó ní òun àti yunifásítì ńlá kan jọ ń ṣe é. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ kọ̀wé sí yunifásítì ńlá náà fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, àti pé orúkọ ta ló máa wà lórí ìwé-ẹ̀rí náà.

Bí wọ́n bá gbé ìwé náà dé Nàìjíríà ńkọ́?

Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá ni wọ́n ń gbé ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè lọ fún àyẹ̀wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ti jẹ́ kí wọ́n máa la ojú sí i gan-an. Lóṣù Kejìlá ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan kọ ọ́ pé òun gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀kọ́ tó yẹ kó gba ọdún mẹ́rin, òun sì fi ìwé náà wọ ètò àgùnbánirọ̀. Kò tó ọjọ́ mélòó kan tí ìjọba dá àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, sọ pé ìwé-ẹ̀rí tó ju 22,000 lọ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà gbà lórílẹ̀-èdè méjèèjì ni wọ́n máa fagi lé. Ó ní yunifásítì mẹ́jọ péré ni ìjọba mọ̀ níbẹ̀, márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Tógò.

Nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yẹn kàn, a ò lè sọ pé gbogbo wọn ló mọ̀-ọ́n-mọ̀ ra ìwé. Ẹni tó lọ síléèwé lóòótọ́, tó sanwó, tó sì jókòó ṣèdánwò, ṣùgbọ́n tí kò béèrè ẹni tó fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, òun náà wà nínú ewu kan náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọjọ́ tí òtítọ́ bá bá a, ẹni tó ra ọjà náà ló sábà máa ń rù ú.

Fún oníṣòwò, ewu náà kì í ṣe ti iṣẹ́ ìjọba nìkan. Bó bá ti kọ "Dókítà" sára káàdì, sára ìwé tó fi ń wá kọ́ńtíráàtì àti sára pátákó iléeṣẹ́, ọjà ló ń fi oyè náà tà. Ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé tí wọ́n sì ń ṣòwò, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí èèyàn fi ayédèrú oyè polówó iṣẹ́ ẹ̀. Kódà níbi tí kò ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀, oníbàárà tó bá mọ̀ pé wọ́n ti fi oyè purọ́ fún òun á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwọ̀n gáàrì wò.

Ìfọwọ́sí kò sọ iye tó máa ná yín

Ẹni tó bá ti rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìfọwọ́sí tó péye lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Walden University, tí olú iléeṣẹ́ ẹ̀ wà ní Minneapolis, jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gidi tí HLC ti fọwọ́ sí láti ọdún 1990. Síbẹ̀, lọ́dún 2022, àwọn kan tí wọ́n ka DBA níbẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ náà dìídì dojú ìpolówó kọ àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn obìnrin, àti pé kò sọ òótọ́ nípa iye unit tí ìwádìí àṣekágbá máa gbà, èyí tó jẹ́ kí owó àti ọdún máa gùn sí i. Walden ní òun ò jẹ̀bi. Lọ́dún 2024, ó gbà láti san mílíọ̀nù 28.5 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí oníṣòwò. Ká sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gba 900 dọ́là lórí unit kan, tí ẹ̀kọ́ sì jẹ́ unit 60. Owó rẹ̀ jẹ́ 54,000 dọ́là. Bí ìwádìí àṣekágbá bá falẹ̀, tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ san ti unit 15 sí i, 13,500 dọ́là ló gun orí ẹ̀. Ó di 67,500 dọ́là. Ẹ wá rántí pé náírà la fi ń tajà. Kó tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò ju bíi 470 náírà lọ ní iye tìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí, ó ti ju 1,500 lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ìrètí pé bíi mílíọ̀nù 25 náírà ló máa ná òun á wá rí i pé 54,000 dọ́là yẹn ti di mílíọ̀nù 81, ká má tíì sọ ti unit tó gun orí ẹ̀. Owó òwò ló máa lọ síbẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe, ní ìtẹ̀léra

Àkọ́kọ́, ẹ gba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kíkún, bó ṣe máa wà lórí ìwé-ẹ̀rí, pẹ̀lú ìlú tí olú iléeṣẹ́ ẹ̀ wà.

Ìkejì, ẹ béèrè àjọ tó fọwọ́ sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe ti ẹ̀ka ìṣòwò nìkan. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pẹ̀lú "a jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lágbájá", ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. AACSB náà ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò tíì fọwọ́ sí.

Ìkẹta, ẹ yẹ àjọ náà wò lọ́dọ̀ àwọn tó ju ú lọ: CHEA tàbí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fún Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ ìjọba fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà fún ibòmíràn.

Ìkẹrin, ẹ lọ bá ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó gba ìwé náà lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi kọ́ni ní yunifásítì, ẹ kọ̀wé sí yunifásítì náà kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba DBA orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìwé dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ìtumọ̀ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ìkarùn-ún, ẹ béèrè iye ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kó tó ṣe tán, iye àwọn tó ń ṣe tán nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀, àti iye tí oṣù kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ bí ìwádìí bá kọjá àkókò. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń yí ìbéèrè yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dáhùn ẹ̀ náà nìyẹn.

Ìkẹfà, ẹ má sanwó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pè yín. Yunifásítì gidi kì í ní "ẹ̀dínwó tó máa parí lálẹ́ òní". Ó máa ń fẹ́ rí ìwé-ẹ̀rí tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ó sì lè kọ̀ yín. Èyí tí kò kọ ẹnikẹ́ni rí, owó nìkan ló ń gbà wọlé.

Ṣé dandan ni?

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí ìpolówó kì í béèrè: kí ni oníṣòwò fẹ́ fi DBA ṣe? Ẹni tó fẹ́ máa kọ́ni, tó fẹ́ máa gba àwọn iléeṣẹ́ ńlá nímọ̀ràn, tàbí tó ní ìṣòro kan nínú òwò ẹ̀ tó fẹ́ fi ọdún mélòó kan wádìí délẹ̀, DBA tó ní ìfọwọ́sí tó péye lè ṣe é láǹfààní gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ìṣirò owó, ìpolówó ọjà tàbí àkóso òṣìṣẹ́ ló ń dà á láàmú, ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ nítòsí ilé lè tó o, owó tó kù á sì wà nínú òwò.

Oníṣòwò tó bá lọ ra ọjà ní Bàlógun kì í tìtorí pé ọ̀rá dára kó gbé e. Á tú u, á wo inú ẹ̀, á béèrè ibi tó ti wá. Ojú tó fi ń ra ọjà yẹn ni kó fi ra oyè dókítà.